Kí Lò Ń Kà? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Móòlù, Fọ́múlà àti Dẹ́ńsítì

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kún àpò. Àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ló kọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ṣe ọṣẹ nítòsí ọjà Akẹ̀sán náà kọ̀wé, tirẹ̀ ló sì gbà wá lákòókò jù lọ. Ìwọ̀n átọ̀mù tí a fi ṣe gbogbo ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí nìyí: H 1, C 12, O 16, Na 23, Al 27, S 32, Cl 35.5, Fe 56.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n bi wá nínú ìdánwò pé móòlù mélòó ló wà nínú ọ́síjìn 16 g. Mo fi 16 pín 16, mo rí 1. Tíṣà fàlà sí i, wọ́n ní 0.5 ni. Ta ló jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì? Kí tilẹ̀ ni móòlù yìí gan-an?
Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Tíṣà rẹ kò jẹ̀bi, ìwọ náà kò sì jẹ̀bi tán. Ìbéèrè yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ kan mì: kí ni wọ́n ní kí o kà?

Jẹ́ ká ti ìdí móòlù wá. Láyé owó ẹyọ, tí owó bá ti pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í kà á ní oókan-oókan mọ́. Wọ́n á sín ogójì sórí okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tó bá ti ní "ọ̀kẹ́ mẹ́ta" ti parí ọ̀rọ̀. Móòlù ni ọ̀kẹ́ àwọn oníkẹ́mísìrì. Átọ̀mù kàn kéré débi pé ọ̀kẹ́ tiwọn gbọ́dọ̀ tóbi kọjá sísọ: 6.02 × 10²³. Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti kan iye náà mọ́lẹ̀ sí 6.02214076 × 10²³ gééré, ṣùgbọ́n 6.02 ti tó fún ìdánwò.

Adùn ọ̀kẹ́ yìí ni pé a kì í kà á, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́n. Mú ìwọ̀n átọ̀mù tó wà lórí tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, fi gíráàmù sí i nídìí, o ti ní ìwọ̀n móòlù kan. Kábọ́ọ̀nù 12 g jẹ́ móòlù kan. Sódíọ̀mù 23 g jẹ́ móòlù kan. Iye átọ̀mù tó wà nínú méjèèjì dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í dá rìn. Méjì-méjì ló ń so mọ́ra, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ ní O₂. Ká ní ọ̀kẹ́ bàtà kan wà nílẹ̀. Bí o bá ń ka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kẹ́ kan ni. Bí o bá ń kà á ní méjì-méjì bí oníbàtà ṣe ń tà á, ààbọ̀ ọ̀kẹ́ ni. Bàtà náà kò dín, ohun tí o ń kà ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́síjìn 16 g rẹ: móòlù 1 ni tí a bá ń ka átọ̀mù O, móòlù 0.5 ni tí a bá ń ka mólékù O₂, nítorí 16 ÷ 32 = 0.5. Nígbà tí ìdánwò bá sọ pé "ọ́síjìn" tàbí "gáàsì ọ́síjìn" láìfi átọ̀mù kún un, O₂ ni wọ́n ń sọ. H₂, N₂, Cl₂, F₂, Br₂ àti I₂ ni àwọn mìíràn tó ń rìn ní méjì-méjì. Kọ́ wọn sórí, wọn kò pọ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, má kọ "móòlù = 0.5" sílẹ̀ lásán. Kọ "móòlù O₂ = 0.5". Orúkọ kékeré yẹn ló máa gbà ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún bi ọ́ pé mólékù mélòó ni: 0.5 × 6.02 × 10²³ = 3.01 × 10²³. Tí wọ́n bá ní átọ̀mù mélòó, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kàkúlétọ̀ náà ń kó bá ọ̀pọ̀ ọmọ. Tí o bá fẹ́ tẹ 6.02 × 10²³, tẹ 6.02, tẹ EXP, tẹ 23, ó tán. Ẹni tó bá tẹ "6.02 × 10 EXP 23" ti fi 10 kan kún un, ìdáhùn rẹ̀ á sì fi ìlọ́po mẹ́wàá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n ní ká wọn Na₂CO₃·10H₂O 5.72 g, ká pò ó di 250 cm³, ká wá sọ bó ṣe ki tó. Mo ṣe 106 × 180, mo rí 19,080 fún ìwọ̀n móòlù kan. Ìdáhùn mi kéré bí eruku.
Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ọ̀yọ́

Àmì kékeré (·) tó wà láàárín yẹn kì í ṣe àmì ìlọ́po. Ohun tó ń sọ ni pé mólékù omi mẹ́wàá jókòó ti Na₂CO₃ (sódíọ̀mù kábọ́nèètì) kọ̀ọ̀kan nínú òkúta rẹ̀. Ìròpọ̀ ni: 106 + 180 = 286. Nígbà náà, 5.72 ÷ 286 = 0.02 móòlù. 250 cm³ jẹ́ 0.25 dm³ (dm³ kan ni lítà kan), nítorí náà 0.02 ÷ 0.25 = 0.08 móòlù nínú dm³ kan.

Àwọn kan á gbàgbé omi náà pátápátá, wọ́n á fi 106 pín, wọ́n á sì rí nǹkan bí 0.216. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, torí nínú gbogbo 100 g òkúta yìí, nǹkan bí 63 g ni omi. Tí ẹ bá sì ṣí ìgò rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò ọyẹ́, omi náà á máa fò lọ, òkúta tó ń dán á di ìyẹ̀fun funfun. Tí ẹ bá wá wọn 5.72 g nínú ìyẹ̀fun yẹn, Na₂CO₃ inú rẹ̀ ti ju èyí tí ẹ rò lọ, tí ẹ bá sì fi ásíìdì dán an wò, èyí tí bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì alámì tí a fi ń kán ásíìdì) máa lò á ga ju ti ìwé lọ. Ìṣirò yín lè pé kí ìdáhùn má pé.

Ẹ tún ṣọ́ àkámọ́. Nínú Al₂(SO₄)₃, 3 tó wà níta àkámọ́ ń bá gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wí: S mẹ́ta, O méjìlá. 54 + 96 + 192 = 342. Bó ṣe rí, ṣúgà tí a fi ń mu tíì, C₁₂H₂₂O₁₁, 342 náà ni móòlù kan rẹ̀ wọ̀n. Kò ní ìtumọ̀ kankan, ó kàn rọrùn láti rántí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì lágbègbè Under G. Nígbà tí a bá ń wá fọ́múlà láti inú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á bá a dé ìparí, wọ́n á wá bà á jẹ́. Àpẹẹrẹ: irin 70%, ọ́síjìn 30%. Ìdajì kíláàsì ló kọ FeO₂.
Olùkọ́ lẹ́sìnnì, Ògbómọ̀ṣọ́

Wọ́n ti kánjú sọ ọ́ di odidi. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ dára: 70 ÷ 56 = 1.25, 30 ÷ 16 = 1.875. Èkejì náà dára: ẹ fi èyí tó kéré jù pín méjèèjì, ẹ ó rí 1 àti 1.5. Ibí yìí ni wọ́n ti ń sọ 1.5 di 2. Ìdajì kì í ṣe àṣìṣe òṣùwọ̀n, ohun gidi ni. Ẹ fi 2 lu méjèèjì, ẹ ó rí 2 àti 3, Fe₂O₃, èyí tí ìpẹtà irin fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ àwọn ìdá tó máa ń yọjú. Tó bá jẹ́ .5, ẹ fi 2 lu gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ .33 tàbí .67, ẹ fi 3 lù ú. Tó bá jẹ́ .25 tàbí .75, ẹ fi 4 lù ú. Irin 72.4% àti ọ́síjìn 27.6% á fún yín ní 1 àti 1.33, ìyẹn Fe₃O₄. Èyí tó bá fi 0.02 tàbí 0.05 yàtọ̀ sí odidi nìkan ni kí wọ́n sọ di odidi. Kí wọ́n má sì dín nọ́ńbà kù láàárín iṣẹ́: ẹni tó bá kọ 1.25 ní 1.3, tó tún kọ 1.875 ní 1.9, á rí 1.46, ojú rẹ̀ á sì dàrú.

Nǹkan mìíràn: kí wọ́n máa fi fọ́múlà tí wọ́n rí padà yẹ ìdá wò. Fe₂O₃ jẹ́ 160, irin inú rẹ̀ 112, 112 ÷ 160 = 70%. Ó bá a mu. FeO₂ á fún wọn ní nǹkan bí 64%. Ìṣẹ́jú kan péré ni èyí gbà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ọṣẹ ṣíṣe ní: epo pupa kílò kan, kọ́sítíkì sódà 141 g. Mo wọn epo lítà kan, mo gbé sódà 141 g lé sikéèlì. Ọṣẹ dì, ṣùgbọ́n ó ń ta mí lọ́wọ́, ohun funfun sì ń bo ojú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe kílò kan ni lítà kan ni?
Ìyá ọlọ́ṣẹ, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Tó bá jẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ epo, rárá o.

Ẹ̀yin gan-an mọ èyí lọ́jà. Kóńgò kan náà ni wọ́n fi ń wọn gaàrí àti ẹ̀wà, síbẹ̀ ẹni tó ru kóńgò mẹ́wàá ẹ̀wà mọ̀ pé ẹrù òun wúwo ju ti ẹni tó ru kóńgò mẹ́wàá gaàrí lọ. Àyè kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dẹ́ńsítì kò ju ìyẹn lọ: ìwọ̀n tó wà nínú àyè kan náà. Ẹ mú ìwọ̀n, ẹ fi àyè tó gbà pín in. Omi jẹ́ 1 g nínú cm³ kan, epo pupa jẹ́ nǹkan bí 0.9 g. Lítà kan jẹ́ 1,000 cm³, nítorí náà lítà epo kan jẹ́ nǹkan bí 900 g. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí ẹ ń rà náà kò tó kílò 25, kò ju bíi 22.5 lọ.

Sódà 141 g tí ìwé yín sọ kò ṣàdédé wá. Nínú epo, ọ̀rá mẹ́ta ló so mọ́ gílísírìnì kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba NaOH kan, ìyẹn kọ́sítíkì sódà, kó tó di ọṣẹ. Móòlù epo pupa kan wọ̀n tó 850 g ní ìpíndọ́gba, móòlù NaOH kan jẹ́ 40 g. Epo 1,000 g ÷ 850 = 1.18 móòlù. Ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3.53 móòlù NaOH. 3.53 × 40 = 141 g. Ẹ rí i pé kò sí àṣírí kankan níbẹ̀.

Epo 900 g tí ẹ lò kò nílò ju sódà 127 g lọ. Sódà 14 g ló ṣẹ́kù láìrí epo jẹ, òun ló ń ta yín lọ́wọ́. Ohun funfun ojú ọṣẹ lè jẹ́ sódà tó bá afẹ́fẹ́ pàdé; ìyẹn nìkan kì í pa ọṣẹ, títa lọ́wọ́ ni ká bẹ̀rù. Àwọn ọlọ́ṣẹ tó mọ iṣẹ́ kì í tilẹ̀ fi sódà kún dé ojú àmì, wọ́n máa ń dín in ní 5% kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù fún awọ ara. Fún lítà epo pupa kan, ẹ lo nǹkan bí 121 g.

Ẹ má tíì da èyí tó wà nílẹ̀ nù, ẹ má sì tà á. Ẹ rin ín, ẹ fi omi díẹ̀ sí i nínú ìkòkò onírin tí kì í pẹtà, ẹ jẹ́ kó yọ́ lórí iná tí kò le. Ẹ wá wọn epo 150 g sí i: 100 g á mú sódà tó ṣẹ́kù, 50 g á wà fún awọ. Ẹ rò ó títí yóò fi papọ̀, ẹ tún un dà sí àpótí rẹ̀, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó tún dán an wò. Ẹ má fi ìkòkò alumíníọ̀mù ṣe é láé. Sódà ń jẹ ẹ́, gáàsì háídírójìn tó ń gbaná á sì máa rú jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń po sódà tuntun, sódà ni kẹ́ ẹ máa dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀; ẹ má da omi lé sódà lórí, torí ó lè hó lójijì kó ta sí yín lójú. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣiṣẹ́. Tó bá ta sí ara, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kẹ́ ẹ má dúró wá ọtí kíkan.

Ẹ má fi epo kan rọ́pò òmíràn ní gíráàmù sí gíráàmù pẹ̀lú. Kílò òrí kan kò gbà ju nǹkan bí 128 g sódà lọ, kílò àdín èkùrọ́ kan ń gba tó 176 g. Mólékù àdín kéré ju ti òrí lọ, nítorí náà kílò kan rẹ̀ ní mólékù tó pọ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń béèrè NaOH mẹ́ta tirẹ̀. Kẹ́ ẹ sì dé ike sódà yín pa: tó bá wà ní ṣíṣí, ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, 141 g orí sikéèlì kò wá ní jẹ́ 141 g sódà mọ́.

Láàbù wa ní ìgò ásíìdì HCl kíki kan. Àkọlé rẹ̀ ní 36%, 1.18 g/cm³. Mo fẹ́ po dm³ kan tó jẹ́ 0.1 móòlù fún àwọn ọmọ SS3. cm³ mélòó ni kí n fà?
Olùtọ́jú láàbù, ilé ẹ̀kọ́ girama kan, Ògbómọ̀ṣọ́

8.6 cm³. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ nìyí. dm³ kan nínú ìgò yẹn jẹ́ 1,000 × 1.18 = 1,180 g. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni HCl, 36% rẹ̀ ni: 424.8 g. Ìyókù, omi ni. 424.8 ÷ 36.5 = 11.64 móòlù nínú dm³. Ẹ ń fẹ́ 0.1 móòlù, nítorí náà 0.1 ÷ 11.64 = 0.0086 dm³. Ẹni tó gbàgbé 36% á fa nǹkan bí 3.1 cm³, gbogbo kíláàsì á sì máa ṣe kàyéfì pé bùrẹ́ẹ̀tì kò tó.

Ẹ da omi tó tó 500 cm³ sínú fúláásìkì onílítà kan, ẹ fa ásíìdì sí i níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba kọjá, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wá bomi kún un dé ojú ìlà. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wọn omi 1,000 cm³ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wá fi ásíìdì kún un.

Ẹ má wá gbọ́kàn lé 0.1 yẹn pátápátá, nítorí gáàsì HCl ti ń jáde nínú ìgò náà láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣí i. Ẹ wọn Na₂CO₃ gbígbẹ 1.325 g, ẹ pò ó di 250 cm³. Ìyẹn jẹ́ 0.05 móòlù nínú dm³. Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 25 cm³ rẹ̀, ẹ kán methyl orange (aró tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá tó) sí i, ẹ da ásíìdì yín sínú bùrẹ́ẹ̀tì. Na₂CO₃ kan ń gba HCl méjì, nítorí náà tí ásíìdì bá jẹ́ 0.1 lóòótọ́, 25.0 cm³ ni yóò lò. Tó bá lò 26.3 cm³, 0.0025 ÷ 0.0263 = 0.095 ni ásíìdì yín. Ẹ kọ 0.095 sára ìgò náà. Kò ṣe nǹkan kan kó má jẹ́ 0.1, bí àwọn ọmọ bá ti mọ èyí tó jẹ́.

Ṣé a lè fi 22.4 lu móòlù omi ká fi mọ lítà rẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́ SS1, Ọ̀yọ́

Rárá. Gáàsì nìkan ni 22.4 dm³ wà fún: àyè tí móòlù gáàsì kan ń gbà ni, ní 0 °C àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kan. Omi kì í ṣe gáàsì níbẹ̀. Móòlù omi kan jẹ́ 18 g, 18 cm³, ó lé díẹ̀ lórí ṣíbí ọbẹ̀ kan.

Wọ́n ń ta oyin lójú títì láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ṣé dẹ́ńsítì lè sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó fún wa?
Oníbàárà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ó lè sọ díẹ̀. Ojúlówó oyin jẹ́ nǹkan bí 1.4 g nínú cm³. Ẹ kò nílò ohun èlò láàbù, ìgò oníke tó ní ìdérí àti sikéèlì ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù ti tó. Ẹ wọn ìgò náà lófìfo, ní gbígbẹ. Ẹ bu omi kún un dé ọrùn, ẹ fi ìlà sàmì sí i, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní òfìfo jẹ́ 30 g, tomi-tomi jẹ́ 780 g: omi 750 g ló wọ̀ ọ́, àyè rẹ̀ sì jẹ́ 750 cm³. Ẹ dà á nù, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ bu oyin dé ìlà kan náà. Tó bá di 1,080 g, oyin jẹ́ 1,050 g, 1,050 ÷ 750 = 1.40. Tó bá jẹ́ 960 g ni ẹ rí, 930 ÷ 750 = 1.24, omi ti wọ̀ ọ́.

Ẹ ní sùúrù kí ìfóòfó inú oyin gòkè tán kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gba àyè láìní ìwọ̀n, ó sì lè mú kí ojúlówó dà bí ayédèrú. Ẹ tún mọ ibi tí àyẹ̀wò yìí dópin: omi ló ń mú. Omi ṣúgà tí wọ́n bá sè títí tó fi ki dáadáa lè wọ̀n tó oyin gan-an, sikéèlì yín kò sì ní mọ ìyàtọ̀.